Hùùùn Tó Ń Dún Lókè Orí Yín: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Iná Fulọrẹ́sẹ́ǹtì Tí Kò Ní Pariwo Ní Ṣọ́ọ̀bù

Ẹ pa rédíò. Ẹ pa fáànù. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ tàn, ẹ dúró kí NẸ́PÀ mú iná dé, kí ẹ wá pa á. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ sáàárín ṣọ́ọ̀bù yín, kí ẹ gbójú sókè wo iná funfun gígùn tó wà lójú sílíìnì. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Hùùùùn. Ohùn tí kì í lọ sókè, tí kì í wá sílẹ̀, bíi ti oyin tó há sínú agolo tí kò rọ́nà jáde.

Ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa lára débi pé a kì í gbọ́ ọ mọ́. Ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ la tó ń mọ̀ pé nǹkan kan ti ń yọ wá lẹ́nu látàárọ̀: gbogbo ibẹ̀ á kàn pa rọ́rọ́, ara á sì tu èèyàn. Àmọ́ nísinsìnyí tí télọ̀ ń ya fídíò sórí TikTok, tí ẹni tó ń tún fóònù ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ láti fi kọ́ni lórí YouTube, ohùn yẹn ti padà di wàhálà. Máíkì fóònù kì í ṣojúsàájú. Ohun tó ti mọ́ etí yín lára, òun á gbà á sílẹ̀ pátápátá, ẹni tó ń wò yín lọ́hùn-ún á sì máa rò pé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìlọta lẹ jókòó sí.

Ẹjọ́ ariwo nìkan sì kọ́ o. Ohun tó ń kùn yẹn náà ló ń mú kí iná máa ṣẹ́jú, ṣíṣẹ́jú yẹn sì lè gba ìka lọ́wọ́ kápẹ́ńtà. Màá dé ibẹ̀.

Ta ló ń pariwo gan-an?

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á lọ ra ọ̀pá iná tuntun. Wọ́n á yọ ti àtijọ́, wọ́n á ki tuntun bọ̀ ọ́, hùùùn á sì máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Owó ti lọ nìyẹn. Ọ̀pá kọ́ ló ń kùn. Gíláàsì lásán ni ọ̀pá, afẹ́fẹ́ díẹ̀ àti mẹ́kúrì bíńtín ló wà nínú ẹ̀, wọ́n sì fi ìyẹ̀fun funfun kun inú gíláàsì náà yíká. Bí iná mànàmáná bá gba inú ẹ̀ kọjá, mẹ́kúrì á tú ìmọ́lẹ̀ kan jáde tí ojú èèyàn ò lè rí, ìyẹ̀fun yẹn á gba ìmọ́lẹ̀ náà, á sì sọ ọ́ di funfun tí à ń rí. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn láti ọdún 1938 tí ilé iṣẹ́ General Electric ti bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní Amẹ́ríkà.

Ẹni tó ń pariwo fara pamọ́ sínú páànù funfun tó gbé ọ̀pá dúró, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní fítìn. Ẹ pa iná látorí mítà, kì í ṣe látorí súìṣì nìkan, kí ẹ tó ṣí i. Ẹ máa rí irin kan tó gùn tó fóònù, àmọ́ tó wúwo bí ọmọ ọlọ. Choke ni wọ́n ń pè é lọ́jà, ẹnu wa sì ti sọ ọ́ di ṣóòkù.

Kí ni iṣẹ́ ẹ̀? Iná tó bá ti ráyè wọ inú ọ̀pá fulọrẹ́sẹ́ǹtì kì í mọ̀wọ̀n ara ẹ̀. Á máa pọ̀ sí i, á máa pọ̀ sí i, títí nǹkan á fi jóná. Ṣóòkù ni ìjánu tó ń fà á sẹ́yìn. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ni pé wáyà bàbà tó pọ̀ ni wọ́n wé mọ́ ara irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn bí ojú ewé ìwé. Bí iná bá ti ń gba inú wáyà yẹn, irin yẹn á di òòfà.

Wàyí o, iná tí wọ́n ń fún wa ní Nàìjíríà kì í lọ tààrà bí omi inú páìpù. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ ni, ìgbà 50 láàárín sẹ́kọ́ńdù kan. Bó bá ń lọ, òòfà á fa irin pọ̀. Bó bá ń bọ̀, á tún fà á pọ̀. Ìgbà 50 ní àlọ, ìgbà 50 ní àbọ̀, ó di ìgbà 100 láàárín sẹ́kọ́ńdù kan ṣoṣo tí irin yẹn ń gbọ̀n. Gbígbọ̀n yẹn gan-an ni hùùùn tí ẹ̀ ń gbọ́. (Ní Amẹ́ríkà, ìgbà 60 ni tiwọn ń lọ tó ń bọ̀, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé tiwọn ń kùn ní ìgbà 120, tí ohùn ẹ̀ sì fi díẹ̀ lọ sókè ju tiwa lọ. Ẹ bi àwọn èèyàn yín tó wà ní Houston.)

Bí ṣóòkù bá ṣì wà ní tuntun, fánísì tí wọ́n dà sínú ẹ̀ á di àwọn irin pẹlẹbẹ yẹn mú ṣinṣin. Bí ọdún bá ṣe ń gorí ọdún, tí ooru ń sè é, fánísì á máa gbẹ, á máa sán, irin á wá ráyè máa jó síra wọn. Ìdí nìyẹn tí iná àtijọ́ fi máa ń kùn ju tuntun lọ. Èyí tó sì jẹ́ ayédèrú láti ilẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n so ó náà ló ti ń kùn.

Síbẹ̀, ṣóòkù nìkan ò lè pariwo tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ ń rí i, ọ̀pá tí wọ́n fi ń lu ìlù kì í dún fúnra ẹ̀, awọ ló ń dún. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n so ṣóòkù mọ́ ni awọ yẹn. Bí wọ́n bá tún wá kan páànù yẹn mọ́ sílíìnì PVC tàbí plywood, ìlù ti tóbi sí i nìyẹn. Èyí tó burú jù ni ṣọ́ọ̀bù kóńténà, èyí tó pọ̀ lójú títì wa káàkiri báyìí. Irin lókè, irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí ibi tí ohùn máa rá sí. Iná kan náà tó ń kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù oníbíríkì lè máa bú ramúramù nínú kóńténà.

Ariwo mìíràn wà tí kì í ṣe hùùùn. Pìn, pìn, pìn: iná á fẹ́ tàn, kò ní tàn, á tún gbìyànjú. Sítátà nìyẹn, ike funfun kékeré tó dà bí ìdérí ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá. Bí iná bá ti wálẹ̀ nírọ̀lẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan nǹkan wọn, agbára tó yẹ kí sítátà fi ṣáná sí ọ̀pá kì í pé mọ́. Ẹ má jẹ́ kó máa gbìyànjú bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, torí gbogbo pìn kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ ẹnu ọ̀pá náà. Bí ẹ bá rí i tí ìdí ọ̀pá méjèèjì dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ti jẹ ẹ́ tán nìyẹn.

Ayùn tó dà bíi pé kò yí

Ìgbà 100 tí ṣóòkù ń kùn yẹn náà ni ìgbà 100 tí iná ń lọ sílẹ̀ tó tún ń gbéra láàárín sẹ́kọ́ńdù kan. Ojú wa ò rí i, torí ó yá jù. Àmọ́ pé ojú ò rí i kò sọ pé ara ò mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1989, Arnold Wilkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì: nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ṣóòkù onírin sí irú èyí tó ń ṣẹ́jú ní ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín sẹ́kọ́ńdù, orí fífọ́ àti ojú ríro láàárín àwọn òṣìṣẹ́ náà dín kù ju ìdajì lọ. Wọn ò sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ yẹn irú iná tó wà lórí wọn o. Nítorí náà, ẹ̀yin télọ̀ tó jẹ́ pé agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni orí yín máa ń bẹ̀rẹ̀ sí fọ́, tí ẹ̀ ń fi Panadol tẹ̀ ẹ́ rì, ẹ gbójú sókè wo sílíìnì yín.

Ti kápẹ́ńtà àti ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tọ́ igi tàbí irin ló wá léwu. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ẹ ní ẹ̀rọ kan tó ń yí ní ìgbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìgbà 25 nìyẹn láàárín sẹ́kọ́ńdù. Ká ní abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin ló wà lára ẹ̀. 25 lọ́nà mẹ́rin, 100. Gbogbo ìgbà tí iná bá là, abẹ̀bẹ̀ kan ti dé ojú ibi tí èkejì wà tẹ́lẹ̀. Kí lojú máa rí? Á rí abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin tó dúró sójú kan, gbagidi. Ẹ̀rọ ń yí, ẹ ò rí i pé ó ń yí.

Ìyẹn kì í ṣe ìṣirò inú ìwé lásán o. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń lo iná wa, bíi ìgbà 1,450 sí 1,500 ló ń yí láàárín ìṣẹ́jú, torí iná 50 yẹn náà ló ń darí ẹ̀. Bó bá jẹ́ 1,450, ẹ máa rí i bíi pé ó ń fi jẹ̀lẹ́ńkẹ́ yí padà sẹ́yìn. Ẹni tó rẹ̀, tí etí ẹ̀ ti di nítorí ariwo ẹ̀rọ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, lè rò pé wọ́n ti pa á, kó na ọwọ́ sí i láti gbá ìdọ̀tí igi kúrò. Ní òdodo, ìyẹ̀fun inú ọ̀pá kì í jẹ́ kó ṣókùnkùn pátápátá láàárín ìgbà méjì tó ń là, torí náà àwòrán tó dúró yẹn kì í mọ́lẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n ìka méló lèèyàn ní tó máa fi dán an wò?

Ọgbọ́n àtijọ́ wà fún un: ẹ gbé gúlóòbù aláwọ̀ pupa tó ń gbóná, irú tí bàbá wa ń lò, sí orí ẹ̀rọ náà tààrà. Okùn irin inú ẹ̀ kì í ráyè tutù láàárín ìgbà méjì, torí náà kì í ṣẹ́jú tó bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ iná o, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ni.

Bí ẹ ṣe máa mọ irú èyí tó wà lórí yín

Ẹ ò nílò oníṣẹ́ iná fún èyí. Bí ẹ bá rí sítátà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, ṣóòkù onírin ni. Bí iná bá ṣe pìn-pìn kó tó tàn, ṣóòkù onírin ni. Bó bá tàn lẹ́ẹ̀kan náà láìní sítátà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ẹlẹ́tíróníìkì.

Ẹ mú bírò kan, kí ẹ di ìdí ẹ̀ mú, kí ẹ máa jù ú sọ́tùn-ún sósì kíákíá lábẹ́ iná yẹn nìkan, kí fèrèsé wà ní títì. Bí ẹ bá rí bírò kan tó ń fẹ́ bí òjìji, iná yẹn dáa. Bí ẹ bá rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ bírò tó ya ara wọn sọ́tọ̀ bí ìka ọwọ́, ó ń ṣẹ́jú. Ẹ sì lè gbé kámẹ́rà fóònù sí slow motion, kí ẹ dojú ẹ̀ kọ iná. Iná tó ń ṣẹ́jú á máa mì bí àtùpà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ẹ fi ọgbọ́n méjèèjì yìí sápò, torí inú ọjà gan-an ló ti máa wúlò fún yín jù.

Kí lẹ wá lè ṣe?

Ká bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tí kò fẹ́ náwó. Ọ̀pọ̀ ìgbà, súkúrù tó di ṣóòkù mú ló ti tú. Ẹ pa iná látorí mítà, ẹ fún un, ẹ fún ti páànù náà mọ́ sílíìnì, kí ẹ wá tan iná padà kí ẹ gbọ́. Ẹ lè gé róbà taya pẹlẹbẹ kékeré sí abẹ́ súkúrù páànù, níbi tó ti kan sílíìnì, kí ìlù yẹn má baà rí awọ lù. Àmọ́ ẹ má fi fóòmù tàbí aṣọ wé ṣóòkù fúnra ẹ̀ o! Ooru ń jáde lára ẹ̀, ara páànù yẹn ló sì ń gbà tú u dànù. Bí ẹ bá wé e, ẹ ti ń pe iná sórí òrùlé nìyẹn. Wáyà éètì tó so mọ́ páànù náà, ẹ má yọ ọ́ nítorí róbà kankan.

Ọgbọ́n tó tún dáa ju ìyẹn lọ, tí àwọn oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ mọ̀, ni kí wọ́n yọ ṣóòkù kúrò lára páànù, kí wọ́n gbé e sínú àpótí irin tó ní ihò afẹ́fẹ́ lára ògiri bíríkì, tàbí sí ìta yàrá pàápàá, kí wọ́n wá fa wáyà dé ìdí ọ̀pá. Ṣóòkù onírin ò kọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Bó bá wà lẹ́yìn ògiri, kó máa kùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Fún ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ tí kò sì fẹ́ pààrọ̀ gbogbo iná ẹ̀, èyí ni màá mú.

Ọ̀nà kejì ni ṣóòkù ẹlẹ́tíróníìkì. Kò wúwo, bí ẹ bá gbé e lọ́wọ́ ẹ máa rò pé òfìfo ni. Ó ń gba iná 50 wọlé, ó sì ń sọ ọ́ di èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà tó lé ní 20,000 láàárín sẹ́kọ́ńdù kí ó tó fún ọ̀pá. Etí èèyàn ò gbọ́ ohun tó kọjá nǹkan bí 20,000, torí náà hùùùn ti parí. (Etí ajá mú ju tiwa lọ, ẹjọ́ tiẹ̀ nìyẹn.) Ṣíṣẹ́jú náà ti yá débi pé ayùn tó ń yí á hàn bí ayùn tó ń yí. Kò nílò sítátà. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀pá kan náà á sì jáde pẹ̀lú iná tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Kí wá ló dé tí gbogbo èèyàn ò fi lò ó? Sebi ẹ mọ iná wa. Ṣóòkù onírin, bó ti ń pariwo tó yẹn, ògbólógbòó jagunjagun ni: iná á wálẹ̀, iná á ga gòkè lójijì nígbà tí wọ́n bá mú un dé, kò ní kú. Ṣóòkù ẹlẹ́tíróníìkì olówó pọ́ọ́kú lè kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí iná bá fò sókè. Nítorí náà, ẹ ka ara ẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ máa rí iye iná tó lè gbà: bó bá jẹ́ 220 sí 240 nìkan ni wọ́n kọ, àdúgbò tí iná wọn dúró ni kí ẹ gbé e lọ. Èyí tó gba bíi 160 títí dé 260 ló mọ ibi tó ń bọ̀. Ẹ sì rí i pé wáàtì tó wà lára ẹ̀ bá ti ọ̀pá mu: ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tó jẹ́ mílímítà 26 níbùú, wáàtì 36 ni, ẹsẹ̀ bàtà méjì, wáàtì 18. Ẹni tó bá so ṣóòkù 18 mọ́ ọ̀pá 36 ń tan ara ẹ̀ jẹ. Ọ̀kan tún ni pé ayédèrú ẹ̀ lè máa da rédíò AM rú, bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tó ń lo ìnfátà, ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa. Oríṣi méjì ni ìnfátà. Ọ̀kan ń mú iná tó ń yí mẹ́lọ́mẹ́lọ́ jáde bíi ti NẸ́PÀ, wọ́n máa ń kọ pure sine wave sí i lára. Èkejì, tó wọ́n kéré, ń mú iná tó ń fò bí àkàsọ̀ jáde. Bí ẹ bá so ṣóòkù onírin mọ́ àkàsọ̀ yẹn, á kùn ju ti NẸ́PÀ lọ, á sì gbóná sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò pé iná àwọn ti bàjẹ́ nígbà tó jẹ́ pé ìnfátà ló ń fìyà jẹ ṣóòkù.

LED ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bi mí látìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun lónìí, mi ò ní gbà á níyànjú kó ra fítìn oníṣóòkù irin. LED oníwáàtì 18 ló ń rọ́pò ọ̀pá 36. Ẹ wo owó ẹ̀: ọ̀pá 36 àti ṣóòkù irin ẹ̀ jọ ń jẹ tó wáàtì 45. Mẹ́rin nínú ṣọ́ọ̀bù, wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù. Ẹ jẹ́ ká fi ₦209.50 ṣírò, iye tí wọ́n kéde fún yúníìtì kan fáwọn oní-Band A ní oṣù keje ọdún 2024. Ṣóòkù irin á jẹ bíi ₦9,800 lóṣù. Ti ẹlẹ́tíróníìkì, bíi ₦7,800. LED, bíi ₦3,900. Ìyàtọ̀ yẹn tó owó òwú.

Àmọ́ LED kì í ṣe èèyàn mímọ́. Pákó ẹ̀rọ kékeré wà nínú ẹ̀ tó ń tọ́ iná sọ́nà, ibẹ̀ ni àwọn olówó pọ́ọ́kú ti ń gé owó kúrò. LED tí wọ́n bá gé e níbẹ̀ á máa ṣẹ́jú ní ìgbà 100 bíi ṣóòkù irin, ó sì lè burú jù ú lọ, torí òun ò ní ìyẹ̀fun tó ń fa ìmọ́lẹ̀ gùn. Á kú pátápátá kó tó tún là. Ẹ ò ní gbọ́ hùùùn, ẹ máa rò pé àlàáfíà ni, ayùn á sì dà bíi pé ó dúró. Ibẹ̀ ni bírò àti kámẹ́rà fóònù ti wúlò. Yálà Alábà lẹ ti ń rà á ni o, tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta nǹkan iná ládùúgbò, ẹ ní kó tàn án lójú yín, ẹ ju bírò sábẹ́ ẹ̀.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ ki ọ̀pá LED bọ páànù àtijọ́, ẹ bi oníṣẹ́ iná bóyá ó máa fi ṣóòkù sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ṣóòkù, wọ́n á kàn fi sítátà irọ́ rọ́pò sítátà gidi. Wọ́n á tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kùn ṣì jókòó síbẹ̀. Ẹ ní kó yọ ṣóòkù dànù, kó so iná tààrà mọ́ irú LED tó gba bẹ́ẹ̀, kó sì kọ ọ́ sára páànù pé ó ti di tààrà. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ni pé ọmọ iṣẹ́ kan lè wá ki ọ̀pá fulọrẹ́sẹ́ǹtì padà bọ̀ ọ́ lọ́la, iná tí kò ní ìjánu ló sì máa pàdé níbẹ̀.

Àwọ̀, tòkunbọ̀, àti ọ̀pá tó fọ́

Ẹni tó fẹ́ máa lo fulọrẹ́sẹ́ǹtì ẹ̀ lọ, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́nu ọ̀pá kí ẹ tó rà á. Bó bá jẹ́ 865, 8 àkọ́kọ́ ń sọ bí àwọ̀ á ṣe hàn sójú tó, 65 sì ń sọ pé funfun ọ̀sán gangan ni. 840 fi díẹ̀ rọjú. 765 ni kí télọ̀ sá fún: 7 yẹn ò dáa tó, ẹ lè fi òwú búlúù rán léèsì tó jẹ́ àwọ̀ àlùkò, ìta ni oníbàárà á ti rí i.

Tòkunbọ̀ pọ̀ lọ́jà. Ilẹ̀ Yúróòpù ti dá gbígbé ọ̀pá fulọrẹ́sẹ́ǹtì tuntun wọ ọjà wọn dúró láti oṣù kẹjọ ọdún 2023, àwọn ọ́fíìsì wọn sì ń tú tiwọn kúrò. Fítìn tòkunbọ̀ tó ní ṣóòkù ẹlẹ́tíróníìkì lè dáa gan-an, bí iná ibi tó ti wá bá bá tiwa mu. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá a mu. Ti Amẹ́ríkà, ẹ ka ara ẹ̀ dáadáa: bí wọ́n bá kọ 120 sí i, ẹ má so ó mọ́ iná wa rárá. Wọ́n tún máa ń kọ lẹ́tà kan sára ti Amẹ́ríkà tó ń sọ bó ṣe ń pariwo sí, A dé F. A ló dákẹ́ jù. Èyí tí wọ́n kọ D sí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń lọ ata. Ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó sì ti pẹ́ ṣáájú ọdún 1979, ẹ má fọwọ́ kàn án, torí kẹ́míkà olóró kan tí wọ́n ń pè ní PCB lè wà nínú ẹ̀, ọdún yẹn ni wọ́n fòfin de ṣíṣe é lọ́hùn-ún.

Kí ẹ tó kó ọ̀pá méjìlá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ mọ èyí náà: àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀, ti fẹnu kò ní Geneva lọ́dún 2023 pé ṣíṣe ọ̀pá fulọrẹ́sẹ́ǹtì àti kíkó o láti ilẹ̀ kan dé ìkejì máa dópin. Irú tó lo ìyẹ̀fun àtijọ́, ìparí 2026. Àwọn tó kù, ìparí 2027. Ọ̀pá lè ṣì wà lórí àtẹ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀.

Mẹ́kúrì yẹn náà ló fà á tí mi ò fi fẹ́ràn bí àwọn ọmọdé ṣe ń fi ọ̀pá tó ti kú ja idà lórí ààtàn. Bí ọ̀kan bá fọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí gbogbo èèyàn jáde, ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ pa fáànù. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, eruku ẹ̀ á kàn fẹ́ káàkiri. Ẹ fi páálí líle kó èyí tó tóbi, ẹ fi téèpù tó ń lẹ̀ tẹ àwọn wẹ́wẹ́ àti ìyẹ̀fun náà mọ́lẹ̀ kó lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi aṣọ tútù nu ibẹ̀, kí ẹ di gbogbo ẹ̀ sínú ìgò onídèérí. Bó bá jẹ́ orí aṣọ oníbàárà ló fọ́ sí, ẹ má gbé e sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ.